Ànító àti Àníṣẹ́kù: Ìtàn Ayé Pierre Toussaint, Onídìrí

Kò sí ibi ìkómọ tàbí ìṣílé tí a kì í ti gbọ́ àdúrà ànító àti àníṣẹ́kù, àmín wa a sì máa ròkè lala. Ohun tí a kì í sábà bi ara wa léèrè ni iye tí ó tó, àti ẹni tí ó ni èyí tí ó ṣẹ́kù. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, a fẹ́ sọ fún yín ìtàn ọkùnrin kan tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dáhùn ìbéèrè méjèèjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹrú ni a bí i, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kí ó máa ṣe irun àwọn obìnrin ọlọ́rọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ lọ. Pierre Toussaint ni orúkọ rẹ̀.

Ní apá ìwọ̀-oòrùn erékùṣù ńlá kan nínú òkun Kàríbíánì ni ilẹ̀ kan wà tí àwọn Faransé, tí ó ń ṣe àkóso rẹ̀ nígbà náà, ń pè ní Saint-Domingue. Òun ni a ń pè ní Háítì lónìí. Ìrèké àti kọfí ni ọrọ̀ ibẹ̀, ẹrú ni ó sì ń gbìn wọ́n. Láti Kóńgò, láti Dàhòmì, àti láti ilẹ̀ tiwa níhìn-ín ni a ti ń kó wọn lọ. Àwọn tí ó ń sọ èdè wa láàrin wọn ni wọ́n ń pè ní Nàgó, orúkọ náà kò sì tíì parẹ́ níbẹ̀ títí di òní. A kò sọ pé ọmọ Nàgó ni Toussaint o. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé nígbà tí a bá dárúkọ oko ìrèké wọnnì, ọ̀rọ̀ ẹbí wa ni a ń sọ.

Ní àgbègbè Artibonite, nítòsí ìlú Saint-Marc, nínú oko ìdílé Bérard, ni a ti bí i ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kejìdínlógún. Kò bá wọn ro oko. Inú ilé ni ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ ti ń sin olówó wọn, inú ilé náà ni òun pẹ̀lú sì dàgbà sí. Wọ́n kọ́ ọ ní ìwé kíkà àti ìwé kíkọ, ohun tí kò wọ́pọ̀ fún ẹrú, wọ́n sì gbà á láyè láti máa ka àwọn ìwé olówó rẹ̀. Ìgbàgbọ́ Ìjọ Àgùdà ni wọ́n fi tọ́ ọ, kò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi kú.

Ní ọdún 1787, Jean Bérard, tí ó jẹ́ olówó rẹ̀ nígbà náà, kó aya rẹ̀ àti ẹrú mélòó kan, Toussaint àti Rosalie àbúrò rẹ̀ obìnrin wà nínú wọn, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí New York ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kò ní i lọ́kàn pé àwọn yóò pẹ́ níbẹ̀. Ó fi Toussaint sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ onídìrí kan.

Ẹ má fi ojú kékeré wo iṣẹ́ yìí. Àwa tí àwọn ìyá wa ń di ṣùkú àti kòlẹ́sẹ̀ mọ iyì orí tí a dì dáradára. Ní New York ìgbà náà, irun obìnrin ọlọ́rọ̀ dàbí ilé tí a kọ́: a ó gbé e sókè, a ó fi ẹ̀tù funfun kùn ún, a ó fi òdòdó àti ìyẹ́ ẹyẹ sí i lára, iṣẹ́ orí kan ṣoṣo a sì máa gba àkókò gígùn. Ọwọ́ Toussaint dá múṣémúṣé nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ilé ńláńlá ìlú náà fi ń ránṣẹ́ pè é, olówó rẹ̀ sì gbà á láyè láti máa mú díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ara rẹ̀.

Nígbà náà ni nǹkan yí padà fún ìdílé Bérard. Jean padà lọ sí Saint-Domingue láti wo bí ohun ìní rẹ̀ ti rí. Kò tún fojú kan New York mọ́, nítorí pé àìsàn pa á sí ọ̀hún. Ogun tí àwọn ẹrú fi gba òmìnira wọn, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1791, gbé oko ìdílé náà lọ. Owó tí ó fi pamọ́ sí ilé ìṣòwò kan ní New York pẹ̀lú ṣègbé. Aya rẹ̀, obìnrin tí a ti fi ọrọ̀ kẹ́ láti kékeré, di opó láìní nǹkan kan lọ́wọ́, ní ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Toussaint í ṣe, ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin òun àti obìnrin yìí. Ẹnì kan tí ó yá a ní dọ́là 40 wá béèrè owó rẹ̀. Kò sí owó nílé. Obìnrin náà kó díẹ̀ nínú ohun ọ̀ṣọ́ olówó iyebíye rẹ̀ jọ, ó kó wọn lé Toussaint lọ́wọ́, ó ní kí ó wá owó náà lórí wọn. Toussaint gbà wọ́n, kò jiyàn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó gbé ìdì méjì wá bá a. Dọ́là 40 wà nínú ọ̀kan. Ohun ọ̀ṣọ́ náà wà nínú èkejì, gẹ́gẹ́ bí ó ti kó wọn fún un. Òógùn ojú ara rẹ̀ ni ó fi san gbèsè náà.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń gbé bùkátà ilé yẹn lórí, kò sì pariwo rẹ̀. Obìnrin náà fẹ́ ọkọ mìíràn lẹ́yìn náà, Gabriel Nicolas, olórin kan tí òun pẹ̀lú sá wá láti Saint-Domingue, ṣùgbọ́n owó onídìrí ni ó ṣì pọ̀ jù nínú ohun tí ilé náà fi ń jẹun. Nígbà tí àlejò bá ń bọ̀, Toussaint a ra èso àti áísìkiríìmù wá, a ṣe irun obìnrin náà, a sì fi òdòdó sí i lórí, kí ó lè jókòó láàrin àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìtijú. Ní ọdún 1807, nígbà tí obìnrin náà mọ̀ pé ikú dé tán, ó kọ ìwé òmìnira fún un ní ọjọ́ 2 oṣù Keje.

Ibi tí ìtàn yìí ti ń bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú nìyí, pàápàá àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń béèrè ìdí tí ọkùnrin tí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kò fi fi obìnrin náà sílẹ̀ kí ó wá òmìnira tirẹ̀, àti ìdí tí Ìjọ yóò fi máa yin ẹrú tí ó bọ́ olówó rẹ̀. Ìbéèrè náà tọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú wa fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ẹ̀ṣẹ̀ ni òwò ẹrú, inú rere ẹrú kò sì lè wẹ olówó rẹ̀ mọ́. Ìpínlẹ̀ New York kò fi òpin sí oko ẹrú títí di ọdún 1827, ogún ọdún lẹ́yìn tí Toussaint ti gba ìwé tirẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹ̀rù kọ́ ni ó mú un dúró. Ó rí opó tí ebi fẹ́ pa, òun nìkan ni ó sì lè bọ́ ọ. Kò fi ẹ̀ṣẹ̀ ọlá rẹ̀ àtijọ́ dá a lẹ́jọ́ nígbà tí ìyà dé. Ẹ sì wo ohun tí ó fi owó rẹ̀ ṣe bí ó ti ń wọlé. Ó ra òmìnira Rosalie àbúrò rẹ̀. Ó ra òmìnira Juliette Noel, omidan kan láti Saint-Domingue, ó sì gbé e níyàwó ní ọdún 1811. Ó ran àwọn mìíràn lọ́wọ́ láti bọ́ nínú oko ẹrú. Ẹni tí ó ń fi owó ọwọ́ rẹ̀ já ẹ̀wọ̀n àwọn ènìyàn rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ó gbàgbé ohun tí ẹ̀wọ̀n í ṣe.

Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, yóò ti wà ní Mísà ní ilé ìjọsìn Ẹni Mímọ́ Pétérù ní òpópónà Barclay, ìjọ Àgùdà àkọ́kọ́ ní ìlú náà. Lójoojúmọ́ ni, fún ohun tí ó lé ní ọgọ́ta ọdún. Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ilé dé ilé. Ẹsẹ̀ ni ó fi ń rìn ín, nínú òjò àti òjò dídì, nítorí pé wọn kì í fi àyè gba aláwọ̀ dúdú nínú ọkọ̀ èrò. Nínú àwọn ilé wọ̀nyí ni wọ́n ti ń sọ gbogbo àṣírí ọkàn wọn lójú rẹ̀, bí obìnrin ti í ṣe lọ́dọ̀ onídìrí níbi gbogbo láyé. Àwọn kan sì máa ń fẹ́ kí ó sọ ti ẹlòmíràn fún wọn. Kò jẹ́ sọ ọ́. Ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé irun ni òun wá ṣe, òun kì í ṣe ìwé ìròyìn. Ọ̀rọ̀ tí ó ń gbé láti ilé kan dé ilé kejì ni ti àwọn aláìní. Bí ó ti ń ṣe irun lọ́wọ́ ni yóò máa sọ ti àwọn ọmọ òrukàn tí àwọn Sísítà Onífẹ̀ẹ́ ń tọ́jú ní New York láti ọdún 1817, àwọn ọmọlẹ́yìn Elizabeth Seton tí Ìjọ kà kún àwọn Ẹni Mímọ́ ní ọdún 1975. Kí ó tó kúrò nínú ilé náà, ọwọ́ ìyálé yóò ti wọ àpò. Onígbàgbọ́ kọ́ ni gbogbo wọn ní ọ̀nà tiwa; ọ̀pọ̀ jẹ́ Pùrótẹ́sítáǹtì. Síbẹ̀ wọ́n ń fún un, nítorí wọ́n mọ̀ pé ó ti fi tirẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó béèrè tàwọn.

Ilé òun àti Juliette kò ṣófo rí, bí wọn kò tilẹ̀ bí ọmọ. Àwọn ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí kò ní òbí ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ń bọ́ wọn, wọ́n ń rán wọn lọ sílé ìwé, wọ́n sì ń wá iṣẹ́ ọwọ́ tí wọn yóò kọ́. Nígbà tí ikọ́ ẹ̀gbẹ pa Rosalie, wọ́n gba Euphémie ọmọ rẹ̀, tí a bí ní ọdún 1815, wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn. Ọmọ náà kò ní ìlera. Toussaint ní kí ó máa kọ lẹ́tà sí òun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó lè mọ ìwé kọ ní èdè Faransé àti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn lẹ́tà náà sì wà nínú ilé ìkówèésí ìlú New York títí di ìsinsìnyí. Ní ọdún 1829, ikọ́ tí ó pa ìyá náà pa ọmọ. Ẹni ọdún mẹ́rìnlá ni. Àwọn tí ó mọ Toussaint jẹ́rìí pé ìbànújẹ́ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e dè.

Nígbà tí ibà pọ́njú bá bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú, ẹni tí ó bá ní ọ̀nà a máa sá lọ sí ìgbèríko, ìjọba a sì fi igi dí àwọn òpópónà tí àìsàn bá wà. Toussaint a gba abẹ́ igi náà kọjá. Ó tọ́jú obìnrin kan tí gbogbo ará àdúgbò ti sá fi sílẹ̀. Ó sì gbé àlùfáà kan tí ó rí nínú àìsàn àti òṣì wọ ilé ara rẹ̀, òun àti Juliette sì tọ́jú rẹ̀ títí ara rẹ̀ fi yá.

Ẹ̀yin ará, ẹ má rò pé nítorí oore wọ̀nyí ni gbogbo ènìyàn fi bu ọlá fún un. Ó wà lára àwọn tí ó ṣe akitiyan owó fún Kàtídírà Ẹni Mímọ́ Patrick, èyí tí ó wà ní òpópónà Mott. Ní ọdún 1842, ó lọ síbẹ̀ pẹ̀lú Juliette, olùtọ́jú ẹnu ọ̀nà kan sì dá wọn dúró nítorí àwọ̀ ara wọn. Nínú ilé Ọlọ́run ni, láti ọwọ́ ọmọ Ìjọ bí tiwọn. Olórí ìgbìmọ̀ alábòójútó Kàtídírà náà kọ ìwé sí i láti tọrọ àforíjì. Ẹ̀gbin náà wọni lára ju kí a fi ìwé kan parí rẹ̀ lọ, a kò sì ní díbọ́n pé kò rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, Toussaint kò dẹ́kun lílọ sí Mísà.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti owó. Onídìrí yìí di ọlọ́lá. Ó ní ilé tirẹ̀, ó sì ra ìpín ìdókòwò nínú àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1835, iná ńlá kan jó àárín ìlú New York, àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò kò rí owó tí wọn yóò fi san gbèsè, owó Toussaint sì bá a lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọlọ́rọ̀ fẹ́ dá owó jọ fún un. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe é, nítorí pé àwọn kan wà tí iná náà ṣe ní ibi ju òun lọ, kí wọ́n wá àwọn yẹn lọ. Ó gbé àpò iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ apá, ó sì tún mú ọ̀nà pọ̀n.

Nígbà tí ó di arúgbó, tí ohun tí ó ní sì ti tó o jẹ títí ọjọ́ ikú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan gbà á níyànjú pé kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó sinmi. Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn. Ó ní ohun tí òun ní tó fún òun; ṣùgbọ́n bí òun bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò ní tó fún àwọn ẹlòmíràn.

Ó rọrùn láti ka èyí kọjá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a dúró níbẹ̀ díẹ̀. Oríṣi ènìyàn méjì ni a mọ̀ dáadáa. Ẹni kìn-ín-ní ni ẹni tí kò tíì tó fún. Bí ó kọ́ ilé kan, ti aládùúgbò ga jù ú, bí ó ra ọkọ̀, ọdún ọkọ̀ náà ti pẹ́ jù. Kò lè sinmi, kò sì lè fún ẹnikẹ́ni, nítorí ẹni tí kò tíì yó kì í bu oúnjẹ fún àlejò. Ẹni kejì ni ẹni tí ó tó fún, tí ó sì na ẹsẹ̀ sórí àga, tí ó ń pe ọ̀lẹ rẹ̀ ní ìtẹ́lọ́rùn. Toussaint kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Nítorí pé ó tó fún un ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ tí ara rẹ̀ kò ti béèrè ohunkóhun mọ́ ni gbogbo owó tí ó ń wọlé ti di ti ẹni tí ó ń kan ilẹ̀kùn. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi èyí wé àwọn ayẹyẹ ìkówójọ wa, níbi tí a ti ń pe orúkọ àwọn baba ìsàlẹ̀ àti ìyá ìsàlẹ̀ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn pẹ̀lú iye tí oníkálukú mú wá, tí ìlù a sì máa dún gẹ́gẹ́ bí owó náà ti pọ̀ sí. Owó náà ń kọ́ ilé Ọlọ́run lóòótọ́, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn kan nínú ìjọ tí kò lè yọjú ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọwọ́ wọn kò tó ohun tí a ó fi ìlù sí. Lára ohun tí Toussaint fún àwọn ènìyàn, púpọ̀ ni a kò mọ̀ títí ó fi kú, nígbà tí àwọn tí ó ràn lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Juliette kú ní ọdún 1851. Ara Toussaint kò le mọ́ lẹ́yìn náà. Bí ọgbẹ́ni àgbà náà ti dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn ikú, ẹnì kan bi í bóyá ohunkóhun wà tí ó fẹ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì dáhùn pé kò sí ohun tí òun tún fẹ́ láyé. Ó kú ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà, ọdún 1853. Funfun àti dúdú, olówó àti aláìní, ni wọ́n kún ilé ìjọsìn Ẹni Mímọ́ Pétérù ní ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Hannah Lee, Pùrótẹ́sítáǹtì kan tí àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí Toussaint ń ṣe irun fún, kọ ìwé ìtàn ayé rẹ̀; nínú ìwé náà ni a ti mọ púpọ̀ nínú ohun tí ẹ kà yìí.

Ọgbà Kàtídírà tí wọ́n ti lé e lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Juliette àti Euphémie. Ọ̀pọ̀ òjò ni ó rọ̀ sórí ibojì náà tí ẹnikẹ́ni kò fi bẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọdún 1990, wọ́n gbé egungun rẹ̀ lọ sí abẹ́ pẹpẹ Kàtídírà titun tí ó wà ní Fifth Avenue. Ní ọdún 1996, Póòpù John Paul Kejì fún un ní orúkọ Ẹni Ọ̀wọ̀, ìgbésẹ̀ kan lójú ọ̀nà sí ipò àwọn Ẹni Mímọ́. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìlú New York ni wọ́n ń sin sí abẹ́ pẹpẹ náà. Onídìrí yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tí kì í ṣe àlùfáà tí a tẹ́ sí àárín wọn.